Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ohun Tí Àwùjọ Lè Ṣe Kí Àjálù Tó Dé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pésẹ̀ síbí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ dá lórí àjálù: ìjì líle, omíyalé, ìmìtìtì ilẹ̀, ọ̀dá, òkè ayọnáyèéfín àti ooru tó ń pani. Bí a bá ti dárúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, àwọn tó ń wá gbani là ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú wọn, àpò oúnjẹ wọn àti àgọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ dúró sí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé iye ènìyàn tí àjálù yóò pa ní àgbègbè kan, àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn aláṣẹ wọn ti ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, ní àwọn ọjọ́ tí ara tu gbogbo ènìyàn, nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, bí wọ́n ṣe ń náwó, àti bí wọ́n ṣe mọ ara wọn tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀, tí èkejì kò fi oṣù méjì jìnnà sí èkíní. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti, nítòsí Port-au-Prince tó jẹ́ olú-ìlú ibẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile, agbára ti ibẹ̀ sì jẹ́ 8.8. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ lè rò pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n agbára tó tú jáde ní Chile tó nǹkan bí ìlọ́po 500 ti Haiti. Síbẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 525 ló kú ní Chile, nígbà tí àwọn tó kú ní Haiti lé ní 100,000, tí ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé wọ́n ju 300,000 lọ. Òótọ́ ni pé ti Haiti sún mọ́ ìlú tí èrò pọ̀ sí, tí kò sì jìn nínú ilẹ̀, nígbà tí ti Chile bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òkun. Ìyẹn nìkan kò tó láti ṣàlàyé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ mì kọ́ ló ń pa ènìyàn jù. Ilé tó wó lé wọn lórí ló ń pa wọ́n.

Àwọn àgbà ní aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní Chile, aṣíwájú náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1960, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 9.5, èyí tó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ti wọ̀n rí láyé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú òfin ìkọ́lé wọn le sí i, débi pé ẹni tó kọ́lé tà yóò máa jíhìn fún àbùkù tó bá wà lára egungun ilé náà fún ọdún 10 gbáko. Ní Haiti ẹ̀wẹ̀, ó ti lé ní ọdún 200 tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ní agbègbè olú-ìlú; kò sí alààyè kan tó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ojú òun rí i, òtòṣì ènìyàn sì ń fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó mọ ilé rẹ̀ sí ibi tí ààyè bá wà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkọ́lé yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan. Ẹ wo òpó kan ṣoṣo nínú ilé alájà mẹ́ta. Irin òòró wà nínú rẹ̀, àwọn irin kéékèèké tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní rìǹgì ló sì di àwọn irin òòró náà mú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, tí òpó ń lọ tó ń bọ̀, àwọn rìǹgì yìí ni kì í jẹ́ kí kọnkéré fọ́ dànù láàárín irin. Bí kọ́lékọ́lé bá fi àlàfo ńlá sáàárín rìǹgì kan àti èkejì kí irin lè ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, tàbí tó bu iyanrìn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Wọn yóò rẹ́ ẹ, wọn yóò kùn ún lọ́dà, ilé yóò sì dùn ún wò. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì ni àṣírí yóò tú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdí nìyí tí òfin inú ìwé nìkan kò fi tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò gun orí ilé náà lọ ka rìǹgì kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ẹni tí a kò lè fi rìbá dí lójú. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó ń gba ẹ̀mí là jù lọ níbi tí ilẹ̀ ti ń mì, n óò sọ pé olùbẹ̀wò ilé tó jẹ́ olóòótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Kí ẹ má sì rò pé Chile ṣe ohun gbogbo pé. Ilé wọn dúró, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wọn ló ṣákìí. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, òkun ru sókè, àwọn aláṣẹ kò sì kìlọ̀ fún àwọn ará etíkun bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè níbẹ̀ yè nítorí pé wọ́n sá gun òkè láìdúró de ẹnikẹ́ni. Èyí ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí jù.

Ní òru ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 1970, ìjì kan láti inú Bay of Bengal kọlu etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí. Omi òkun bá ìjì náà dìde, ó sì gba orí àwọn erékùṣù tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn tó kú kò dín ní 300,000. Àwọn mìíràn sọ pé wọ́n tó 500,000. Kì í ṣe pé wọn kò rí ìjì náà kó tó dé. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ rí i, rédíò sì kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí rédíò sọ kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ bí omi náà yóò ti ga tó, àwọn tí kò ní rédíò kò gbọ́, àwọn tó gbọ́ kò sì ní ibi gíga kankan tí wọ́n lè sá sí.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ta ni yóò sọ fún arọ náà pé ogun ń bọ̀? Ní èdè wo? Bí ó bá gbọ́, ta ni yóò gbé e? Ibo ni wọn yóò gbé e lọ, ṣé ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀? Gbogbo iṣẹ́ tí Bangladesh ti ń ṣe láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni.

Lọ́dún 1972, ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí ìjọba náà sì dara pọ̀ mọ́, láti kọ́ àwọn ará abúlé etíkun gan-an bí wọn yóò ṣe máa kìlọ̀ fún ara wọn. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà lónìí lé ní 70,000, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ obìnrin. Bí ìròyìn ìjì bá ti dé láti ilé iṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́, wọn yóò ta àsíá sókè sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Bí ewu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye àsíá ń pọ̀ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè kà á. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ bàtà rọ́bà, wọn yóò gbé gbohùngbohùn àti fèrè ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, wọn yóò sì máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe àlejò: ọmọ abúlé náà ni, ó mọ ilé tí aboyún wà, ó mọ ilé tí bàbá arúgbó kan wà tí kò gbọ́ràn dáadáa. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí o dìde kí ẹ máa lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti rédíò.

Ṣùgbọ́n ètò yìí kò pé lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1991, ìjì ńlá mìíràn tún pa nǹkan bí ènìyàn 138,000 níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo àwọn tó kú láàárín ọmọ ogún ọdún sí mẹ́rìnlélógójì, wọ́n rí i pé nínú 1,000 obìnrin, 71 ló kú, nígbà tó jẹ́ pé nínú 1,000 ọkùnrin, 15 ni. Kò sí ìjì tó ń ṣa obìnrin pa. Ìta gbangba, níbi tí ọkùnrin ń pàdé sí, ni ìkìlọ̀ ti ń jáde. Obìnrin wà nílé pẹ̀lú ọmọ, ó ń dúró de ọkọ kí ó tó lè jáde. Aṣọ gígùn tó wọ̀ ń dí i lọ́wọ́ nínú omi. Ilé ààbò tí wọ́n kọ́ kò ní àyè ọ̀tọ̀ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún obìnrin, ọ̀pọ̀ sì rò pé ìtìjú ni láti wọ ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n mọ èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó obìnrin wọ inú àwọn tó ń kìlọ̀, tí wọ́n sì ń ya yàrá sọ́tọ̀ nínú ilé ààbò.

Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn náà tún wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ibi púpọ̀ láyé máa ń bínú pé àwọn ará oko ń ṣe agídí, pé wọ́n kọ̀ láti kúrò. Ẹni tó jẹ́ pé màlúù méjì ni gbogbo ohun tó ní láyé, tí o ní kó fi wọ́n sílẹ̀ sínú omi, kì í ṣe alágídí bó bá kọ̀. Ó ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ ni. Àwọn ará Bangladesh gbọ́ ìṣirò náà yé, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ mọ òkìtì gíga tó fẹ̀ lórí, tí wọ́n ń pè ní killa, níbi tí wọ́n lè da ẹran sí kí omi tó dé. Nígbà tí ẹran ti ní ibi tí yóò lọ, ẹlẹ́ran náà yóò gbà láti lọ. Ilé ààbò fúnra wọn sì wá di ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí kò sí ewu, tó fi jẹ́ pé bí òrùlé bá ń jò, wọn yóò tètè rí i, àwọn ọmọdé náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mowó.

Lọ́dún 2007, ìjì tí wọ́n ń pè ní Sidr, tó lágbára gidigidi, pa nǹkan bí ènìyàn 3,400 níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2020, nígbà tí ìjì Amphan ń bọ̀, wọ́n kó ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 kúrò ní etíkun láàárín àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i kí èrò má baà há mọ́ra. Àwọn tó kú ní Bangladesh kò tó 30. Ìjì kan kò dà bí òmíràn lóòótọ́, sátẹ́láìtì òde òní sì ń ríran ju ti 1970 lọ. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í kan ilẹ̀kùn.

Ìkìlọ̀ tún ní ọ̀tá kan tó burú ju àìgbọ́ lọ, ìyẹn àìgbàgbọ́. Ní Colombia, lọ́dún 1985, òkè ayọnáyèéfín Nevado del Ruiz ti ń rú èéfín fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn onímọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ kan ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì fi hàn kedere pé ìlú Armero wà lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ bí òkè náà bá bú gbàù. Àwọn kan pe àwòrán náà ní ìdáyàfoni. Ní alẹ́ ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, òkè bú ní agogo mẹ́sàn-án kọjá. Yìnyín orí rẹ̀ yọ́, ó di ẹrẹ̀, ó sì ń ya bọ̀ gba inú àfonífojì. Ó gba ẹrẹ̀ náà ju wákàtí méjì lọ kó tó dé Armero, ilẹ̀ gíga sì wà nítòsí tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún àwọn ará ìlú ní ọjọ́ náà gan-an pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n wà nínú ilé. Àwọn tó kú ní àgbègbè náà tó nǹkan bí 23,000.

Lọ́dún 1991, nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Pinatubo bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní Philippines, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà àti àwọn ti Amẹ́ríkà rántí Armero. Wọn kò kàn gbé ìwé ìṣirò lọ bá àwọn aláṣẹ. Maurice àti Katia Krafft, tọkọtaya onímọ̀ ará Faransé, ti ya fídíò ohun tí òkè ayọnáyèéfín máa ń ṣe, wọ́n sì gbé fídíò náà káàkiri fún àwọn gómìnà, àwọn ológun àti àwọn ará abúlé láti wò. Ẹni tó bá ti fi ojú rí i bí ìkùukùu eérú gbígbóná ṣe ń ya wálẹ̀ láti orí òkè kò ní béèrè pé kí ni wọ́n ń sá fún. (Òkè Unzen ní Japan pa tọkọtaya náà ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Pinatubo tó bú.) Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, nígbà tí Pinatubo bú, wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn kúrò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn kú níbẹ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn nítorí pé òjò rin eérú tó wà lórí òrùlé, tó sì wúwo wó lù wọ́n, àwọn mìíràn nítorí àrùn tó ń jà ní àgọ́ tí wọ́n kó wọn sí. Àrùn inú àgọ́ yìí yẹ kó máa wà lára ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a gbà lọ́wọ́ òkè tí àrùn wá pa ní àgọ́, a kò tíì gbà á là.

Ìmọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbani. Erékùṣù Simeulue ní Indonesia wà nítòsí ibi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2004 ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó fa sùnámì, ìyẹn ìgbì òkun ńlá tó ya wọ ilẹ̀, tó sì pa nǹkan bí ènìyàn 230,000 ní etíkun Òkun Íńdíà. Ní apá àríwá erékùṣù náà, omi dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kò sì sí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Nínú nǹkan bí ènìyàn 78,000 tó ń gbé erékùṣù náà, méje ló kú. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lọ́dún 1907, àwọn tó yè nígbà náà sì fún un lórúkọ, wọ́n ní smong. Ìyá ń fi í kọrin fún ọmọ, bàbá àgbà ń fi í pa ìtàn: bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ má ṣa ẹja, ẹ sá gun òkè. Ní ọjọ́ náà, ẹnì kan ké “Smong!”, gbogbo ènìyàn sì gba ọ̀nà òkè lọ. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀kọ́ náà kúrú, ọmọ ọdún márùn-ún lè há a sórí, kò sì pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni gba àṣẹ kó tó sáré. Ní Aneyoshi ní Japan, òkúta ni wọ́n fi rántí: lẹ́yìn sùnámì ọdún 1933 ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ará abúlé náà gbọ́ràn. Lọ́dún 2011, omi kò dé ibi òkúta náà. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní etíkun Japan. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1995, tí ènìyàn tó lé ní 6,400 sì kú, Japan ní panápaná, ó ní ológun, ó ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti bàjẹ́, iná ń jó níbi púpọ̀, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ àwókù ló jẹ́ pé ẹbí àti aládùúgbò ló fi ọwọ́ àti ohun èlò ilé yọ wọ́n. Ní Hokudan, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Awaji tó wà nítòsí ibi tí ìmìtìtì náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú mọ yàrá tí oníkálùkù ń sùn sí. Wọn kò walẹ̀ káàkiri. Ibi tí ìyá àgbà ń tẹ́ ẹní sí ni wọ́n lọ tààrà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti mọ ibi tí gbogbo ènìyàn wà.

Ooru náà ń fi èyí hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kà á mọ́ àjálù nítorí pé kì í wó ilé. Ní oṣù keje, ọdún 1995 yẹn kan náà, ooru pa ènìyàn tó lé ní 700 ní ìlú Chicago láàárín ọjọ́ mélòó kan. North Lawndale àti South Lawndale jẹ́ àdúgbò méjì tó fara kanra, òṣì wà nínú méjèèjì, àgbàlagbà tó ń dá gbé sì wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ àwọn tó kú ní North Lawndale tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti South Lawndale bí a bá fi iye olùgbé wọn ṣe ìṣirò. Ní South Lawndale, ìsọ̀ wà lójú títì, èrò ń lọ wọ́n ń bọ̀, arúgbó lè jáde lọ jókòó níbi tí afẹ́fẹ́ tutù, bí ó bá sì pa ọjọ́ kan jẹ láìjáde, ẹnì kan yóò béèrè rẹ̀. Ní North Lawndale, ilé ti ṣófo, ìsọ̀ ti kógbá sílé, ẹ̀rù olè ń ba arúgbó, ó ti fèrèsé pa, ó jókòó sínú ooru. Ẹni tó bá ń ṣètò ìlú, tó ń pa ìsọ̀ kéékèèké rẹ́, tó ń mú àga kúrò lẹ́bàá títì, ó yẹ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ń fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ láyé ló ń dé lẹ́yìn tí òkú ti sùn. Ọgbọ́n tuntun kan ti wà: wọn yóò fẹnu kò ṣáájú pé bí odò bá ń kún bọ̀ tí àsọtẹ́lẹ̀ sì fi hàn pé yóò kọjá ibi kan pàtó, owó yóò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsí ìpàdé mìíràn. Ní oṣù keje, ọdún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bangladesh, wọ́n tú nǹkan bí mílíọ̀nù 5 dọ́là sílẹ̀ kí omi odò Jamuna tó ga dé góńgó, tí àwọn ìdílé fi rí owó ra oúnjẹ, tí wọ́n sì fi kó ẹran wọn kúrò ní ọ̀nà omi. Ọ̀dá ni irú ètò yìí bá mu jù, nítorí pé ẹsẹ̀ kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ ni ọ̀dá fi ń rìn. Ẹni tó bá rí ìrànwọ́ nígbà tí ẹran rẹ̀ ṣì sanra lè tà á ní iye tó tọ́. Ní ilẹ̀ Netherlands ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí odò kún débi tó ń bani lẹ́rù lọ́dún 1993 àti 1995, wọn kò kàn mọ ògiri gíga sí i. Ní ibi tó lé ní 30, wọ́n dá àyè padà fún odò, wọ́n sún odi sẹ́yìn kí omi lè ráyè tàn ká láìwọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó nira fún àwọn àgbẹ̀ kan tí ilẹ̀ wọn wọ inú rẹ̀, ìjíròrò rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjíròrò yẹn gan-an ni ohun tí a máa ń fò dá lẹ́yìn àjálù, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kánjú. Lẹ́yìn sùnámì ọdún 2004, ìjọba Sri Lanka pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ìwọ̀n mítà 100 sí etí òkun ní apá ibì kan, mítà 200 ní apá ibòmíràn. Ààbò ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n apẹja tí o mú kúrò létí òkun, o ti mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ibo ni yóò gbé ọkọ̀ sí, ta ni yóò máa ṣọ́ àwọ̀n rẹ̀ lóru? Àríwísí pọ̀, wọ́n sì padà dín ìwọ̀n náà kù. Mo gbà pé kí a kó àwọn kan kúrò níbi ewu nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kó kúrò gbọ́dọ̀ jókòó nínú ìpàdé tí a ti ń pinnu rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí yóò máa jẹ níbi tó ń lọ.

Ní ọdún 2015, ní Sendai ní Japan, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 15 lórí dídín ewu àjálù kù, lọ́dún 2022 sì ni Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, António Guterres, kéde pé kí ìkìlọ̀ àjálù dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn láyé kó tó di ìparí ọdún 2027. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwùjọ kan kò ní láti dúró de ìyẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ara yín jọ, kí àwọn tó ti pẹ́ jù ní àdúgbò ya àwòrán ibi tí omi ti dé rí, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí i lára ògiri. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò lè dá rìn, ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tí kò ríran, aboyún àti ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn, àwọn tí yóò lọ gbé e. Méjì, nítorí pé ẹnì kan lè má sí nílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe ìdánrawò.

Kí ẹ ṣe é lóru pẹ̀lú o, kó má jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni. Ìdánrawò ọ̀sán, níbi tí àwọn aláṣẹ ti wọ aṣọ àmúyangàn tí oníròyìn sì wà níbẹ̀, máa ń lọ geere. Ti òru ni yóò fi hàn pé iná kò sí ní ọ̀nà ibi ààbò, pé kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gun àtẹ̀gùn ibẹ̀, pé nọ́ńbà tí a kọ sára ògiri kò lọ mọ́. Òun náà ni yóò sì fi hàn yín ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo méjì òru, àti bóyá onítọ̀hún ń gbé ní tòsí tàbí òdìkejì odò.